Ìwo Iná Láàárín Manigri àti Bassila

Ìpàdé lórí ohùn ìwo ti sú mi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, iná ìgbẹ́ ń bọ̀ wá sí àká iṣu mi ní Manigri, ìlú wa. Mo fọn ìwo lẹ́ẹ̀mejì, bí a ṣe ń kéde iná. Ṣùgbọ́n ní Bassila, ìlú tó múlé gbè wá, ohùn méjì ni wọ́n fi ń pe èèyàn síbi ẹran tí ọdẹ pa. Àwọn ará Bassila tó wà lóko nítòsí ló kọ́kọ́ dé, apẹ̀rẹ̀ ẹran ni wọ́n gbé wá. Kò sẹ́ni tó mú ewé tútù tí a fi ń pa iná. Àká náà jó tán.

Àwọn àgbà ìlú méjèèjì wá jókòó.

“Ẹ yí ohùn ìwo tiyín padà,” ni àgbà Bassila kan wí.

Bàbá mi dá a lóhùn: “Ẹ̀yin tí ẹ wá jẹ ẹran sísun nínú àká wa?”

A rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ ẹnì kankan kò gbà. Nígbà tó rẹ gbogbo wọn, mo fọn ohùn gígùn kan tó ń gbọ̀n níparí, èyí tí ìlú kankan kò lò rí. Mo ní kí ẹni tó bá gbọ́ ọ fọn ọ́n padà bákan náà, ká lè mọ̀ pé ó dé etí rẹ̀. Wọ́n gbà.

Ẹnìkan bá ní, “Àwọn ará Doguè tí àwọn náà ń gbọ́ ìwo wa ńkọ́? Wọn kò sí níbí.”

Ni wọ́n bá sún ìpinnu náà di ọjọ́ ọjà mìíràn. Mo gbé ìwo mi kọ́ èjìká, mo lọ ṣán koríko gbígbẹ tó yí àká mi tuntun ká.