Káàdì Orúkọ Ilé Lágúnjú

"Ìyá Fọláyọ̀, má fi ìgbálẹ̀ kan àwọn bàbá mi o!"

Ohùn ọkọ mi tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n ti to káàdì orúkọ àwọn ará ilé kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìrẹ̀mọ, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí àmù. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ìgbálẹ̀ tì, mo wọkọ̀ lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Kí n tó padà, ọlọ́jọ́ ti dé bá wọn lórí àga, bírò ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Láti 1990 dé 1996 ni wọ́n fi kọ ìtàn ilé Lágúnjú. Fúnṣọ́, atẹ̀wé tó ń bá wọn tẹ ìwé náà ní Òkè-Ògbó, ní ó ku kinní kan: kí wọ́n to orúkọ gbogbo ènìyàn sẹ́yìn ìwé, pẹ̀lú ojú ewé tí olúkúlùkù wà, kí ọmọ ilé lè ṣí i kó rí bàbá rẹ̀. Ni wọ́n bá gé páálí bisikíìtì, orúkọ kan, káàdì kan.

Ọjọ́ orí ni wọ́n kọ́kọ́ fi tò wọ́n.

"Bàbá, A, B, D ni wọ́n fi ń tò ó."

"Kí Àtàndá wá ṣáájú Ọ̀ṣúndáre tó bí i? Fúnṣọ́, nílé yín, ta ló ń kọ́kọ́ mú ẹran?"

"Èmi ni, sà. Màámi ò tíì mọ̀."

Ìròyìn dé Ẹdúnàbọ̀n. Àgbà ilé Lágúnjú méjì gbéra níbẹ̀ wá bá wa, oníkálukú ní òun lẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jẹ iṣu wa, ìjà ò parí. Ọkọ mi kó káàdì jọ: "Ó tó! A, B, D ò ní ìyekan níbí."

Wọ́n ní kí n máa pe orúkọ, kí àwọn máa wá ojú ewé. Pírámárì mẹ́ta ni mo kà, ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ni ìṣòro. Ìyàwó ilé ni mí. Ẹnu wo ni n ó fi pe orúkọ àwọn tí mo bá nílé ọkọ? Mo mú káàdì kan.

"Eyínfúnjowó."

"Ta ni Eyínfúnjowó? N ò kọ ọ́ síbì kankan!"

"Àbúrò yín ni."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí eyín rẹ̀ funfun ni, Bàbá Fọláyọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́. Wọ́n wá ní, "Kọ méjèèjì. Àwọn ìyàwó náà gbọ́dọ̀ lè rí ẹni tí wọ́n ń wá." Láti ọjọ́ náà, orúkọ àbísọ lókè, orúkọ tí àwa ìyàwó ń pè é nísàlẹ̀. N ò tíì rí ọkọ mìíràn tó ro tiwa mọ́ ìwé.

A ti ṣe A dé K kí ọlọ́jọ́ tó dé. Láti L dé Y, káàdì wà, ojú ewé ò sí lára wọn.