Báìtì Méjìlá fún Táńkì Kan

Lásìkò tí owó epo ń ya wọ Warri, ọ̀gá wa, ará Ìjẹ̀bú, ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí Edjeba. Mi ò kàwé kọjá girama, C, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Àwa méjì là ń kọ ètò: èmi àti ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀, ará Ọ̀yọ́, ń ta aṣọ ní ọjà Igbudu.

Wọ́n ní kí n ṣe àkọsílẹ̀ àwọn táńkì epo. Mo to nǹkan mẹ́ta sínú àkójọ kan tí à ń pè ní struct: lẹ́tà táńkì, nọ́mbà tó sọ ibi tí epo dé, àti lẹ́tà tó sọ bóyá ó ṣí tàbí ó wà ní títì. Báìtì ni ìwọ̀n àyè nínú kọ̀ǹpútà: kan, mẹ́rin, kan. Mẹ́fà. Àmọ́ méjìlá ni fáìlì ń gbà fún táńkì kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí i wò, mo rí àmì játijàti tí n kò tẹ̀ láàárín èyí tí mo tẹ̀.

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì mi. Lánàá ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, tó ní, "Bros, carry that number go front." Kí ló kàn án? Bó bá rẹ́rìn-ín, mo gbà pé èmi ló ń rín. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá pé ó ba fáìlì mi jẹ́, ọ̀gá sì pè é.

"Oga, I no touch am. Na so the thing dey do."

"Fáìlì wá ń bímọ fúnra ẹ̀?" ni mo dá a lóhùn.

Ọ̀gá ní kó máa lọ. Ọmọkùnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí tábìlì mi, ó jáde.

Lọ́sẹ̀ kejì mo dá kọ fáìlì tuntun. Méjìlá náà ni. Ta ni mo tún fẹ́ fura sí? Mo gbé nọ́mbà síwájú bí ọmọkùnrin náà ti wí: ó di mẹ́jọ. Ipò tó ṣeé fi mẹ́rin pín, bí òdo, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, ni ẹ̀rọ fẹ́ kí nọ́mbà ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà àkọ́kọ́, tó tún fi òmíràn sí ìparí kí táńkì tó kàn lè bọ́ síbi tó yẹ. Játijàti yẹn, ìdọ̀tí tó ti wà nínú àlàfo tẹ́lẹ̀ ni.

Mo lọ sí Igbudu, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó fèsì.

"Ó sọ fún èmi náà pé òun ò fọwọ́ kàn án. Mi ò gbà á gbọ́. Mo ti lé e padà sí Ọ̀yọ́."

Ó tẹ fóònù, ó nà án sí mi. "Sọ ọ́ fún un."

Ọmọ rẹ̀ gbé e. "Bros, how far?"

Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ ló fi àlàfo síbẹ̀, pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.