Ìkíni Tí Mo Gé Dànù

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́, ìkíni ni mo fi dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹni kan ní Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ń kọ̀wé sí, Tísà Gbádébọ̀, olùkọ́ físíìsì tí òun náà fẹ́ràn rédíò bí tèmi. Mo kí i kú ọ̀sán, mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú oòrùn. Mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ, mo béèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí n kò mọ̀ rí, kí n tó wá sọ pé mo ń gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ní í sọ nìyẹn. Ó tó ìdajì wákàtí kí gbogbo rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn yòókù tó fẹ́ lo ojú ọ̀nà náà sì jókòó, wọ́n ń wò mí níran.

"Ràmọ́tù," ni Mba Alhassan wí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, "afẹ́fẹ́ kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ. Sọ ohun tí o fẹ́ sọ, kí o kúrò lọ́nà."

Mba ni àwọn Dàgómbà, onílẹ̀ Tamale yìí, ń pe bàbá, bàbá náà ni ó sì jẹ́ fún mi nínú iṣẹ́ yìí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tẹlifóònù, ó ń gbé ní àdúgbò Kalpohin, nínú àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún alákọ̀wé nígbà kan. Èmi ní tèmi, àdúgbò Tishigu ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bàbá bàbá mi ló ti Ogbómọ̀ṣọ́ ru ọjà sọdá bọ́dà wá sí Tamale. Bàbá mi kò fẹ́ ru ọjà, rédíò ló ń tún ṣe, èmi ni mo sì jogún tábìlì rẹ̀ àti irin tó fi ń yọ́ òjé so wáyà. Títí di òní, oníbàárà tuntun á gbé rédíò wọlé, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, "Ina maigida?" Ọ̀gá dà ló ń béèrè. Èmi á ní, "Ni ce." Èmi ni. Àwọn kan á tún wo ẹ̀yìn mi bóyá ọkùnrin kan lúgọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré tí à ń fi rédíò ṣe yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ rédíò tó ń ka ìròyìn. Ohun tí a fẹ́ràn ni, a kì í gba kọ́bọ̀, òfin kò tilẹ̀ gbà kí a gbà á. Ènìyàn á ṣe ìdánwò, ìjọba á fún un ní láísẹ́ǹsì àti orúkọ tí yóò máa jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Àwọn kan ń fi ẹnu sọ̀rọ̀, àwa ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Àpótí kékeré kan wà láàárín kọ̀ǹpútà àti rédíò, mọ́dẹ́mù là ń pè é. Òun ló ń sọ lẹ́tà di ariwo, tó tún ń sọ ariwo di lẹ́tà. Ariwo náà dà bí ìgbà tí ènìyàn ń din nǹkan nínú epo tó ti gbóná jù.

Mọ́dẹ́mù kì í rán ọ̀rọ̀ lọ lódindi. Á pín in sí ìdì kéékèèké, pákẹ́ẹ̀tì ni orúkọ wọn, á ju ìdì kan, á dúró. Bí mọ́dẹ́mù tó wà lọ́hùn-ún bá dáhùn pé mo ti gbà á, á ju òmíràn. Bí kò bá gbọ́ èsì, á tún ọ̀kan náà jù. Bó bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí kò sí èsì, á gbà pé kò sí ẹnì kankan lọ́hùn-ún, á pa ojú ọ̀nà dé, ó di kí a tún bẹ̀rẹ̀. Ó lọ́ra, n kò ní purọ́. Fóònù yín á ti rán àwòrán ìgbéyàwó tán kí tiwa tó rán ìlà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò nílò ilé iṣẹ́ kankan láàárín. Wáyà kan tí Mba so mọ́ igi dógóyárò, tó na ìdí kejì rẹ̀ dé orí òpó tó gbé pólítáǹkì omi dúró, àti bátìrì ọkọ̀ kan, gbogbo ohun tí a ní nìyẹn.

Láti ọjọ́ tí Mba ti bá mi wí ni mo ti di ọ̀gá nínú gígé ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ń fi ìdì mẹ́wàá sọ, èmi á fi méjì sọ ọ́. Ó wù mí débi pé ó wọ inú ilé. Ọkọ mi ní bí mo ṣe ń kọ̀wé sí òun lórí fóònù, bí ẹni ń pàṣẹ fún ọlọ́pàá ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìyìn ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí, okùn tó ń gbé ìntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun já. Ọjọ́ Ajé ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, kò sí Wáásáàpù, ìpè sí Nàìjíríà kò wọlé, gbogbo Tishigu ń gbé fóònù sókè bí ẹni ń wá oṣù àwẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àlàájà Sífáwù wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, aṣọ ló ń tà nígbà tó lágbára.

"Ràmọ́tù, sannu da aiki, kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní o ní ẹ̀rọ kan tí kì í lo network."

"Àlàájà, ẹ jókòó. Ó wà. Kalpohin ló wà, lọ́dọ̀ Mba."

"Toh. Àbúrò mi ni, Bùráímọ̀, ní Ogbómọ̀ṣọ́. Jímọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ rẹ̀. O mọ̀ pé nílé tiwa, ọmọbìnrin kì í jáde láìgbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àgbà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n àgbà. Mo ní kó dúró kí n wádìí ilé ọkọ náà ná. Mo ti wádìí, wọ́n dáa, wallahi. Mo ní màá pè é ní Tuesday. Tuesday ti lọ."

"Ẹ ò lè fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ á lo ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú bọ́dà. Ọkọ ìyàwó á sì padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lókè òkun lọ́jọ́ Àìkú. Bí ohùn mi ò bá dé, Bùráímọ̀ ò ní ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà á kàn máa sunkún ni."

Mo mú ìwé, mo ní kó máa wí. Ó tún ìdí rẹ̀ gbé sórí àga, ó fi oríkì àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Àlàó, ọmọ ìyá mi, ṣé o jí ire? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti rọ̀? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Wọ́n ti tún òrùlé balùwẹ̀ yẹn ṣe? Àwọn ará ilé Alùfáà ńkọ́? Ewúrẹ́ ńkọ́?" Ojú ìwé méjì ni ó kún fún ìkíni, ìdáhùn gan-an kò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ ní ìsàlẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀, nítorí àgbàlagbà ni.

Ní Kalpohin, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Mba. A kì í sọ ara wa di ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà gbogbo bá dí báyìí, Mba ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba pé a lè ran aráàlú lọ́wọ́. Ó ní kí n rán an. Mo jókòó, mo wo ojú ìwé méjì náà, ọwọ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó mọ̀. Òrùlé balùwẹ̀ lọ. Ilé Alùfáà lọ. Ewúrẹ́ lọ, ta ni yóò máa béèrè ewúrẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dá? Ohun tí mo rán sí Tísà Gbádébọ̀ kí ó bá wa mú lọ fún Bàbá Bùráímọ̀ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n yín Sífáwù gbà. Ẹ so yìgì lọ́jọ́ Jímọ̀." Ó lọ láìtún ìdì kankan jù. Mba mi orí pé ó dáa. Mo gun alùpùpù mi, mọ́tò là ń pè é níbí, padà sílé, inú mi ń dùn bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo padà sí Kalpohin, mo tan ẹ̀rọ. Ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ máa ń dáa láàárín wa àti Ogbómọ̀ṣọ́, títí oòrùn á fi wọ̀. Bí mo ṣe tàn án báyìí ni iṣẹ́ Tísà wọlé.

"Bàbá kò gbà á gbọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò lè ránṣẹ́ sí òun láìkí òun. Ó ní bí kò bá kí òun, a jẹ́ pé ó ti kú, ẹ ń fi pa mọ́ fún òun nítorí ìgbéyàwó. Ó ti dá gbogbo nǹkan dúró, ó ń di ẹrù láti wá bá yín ní Tamale. Láti òwúrọ̀ kò jẹun. Ó jókòó tì mí báyìí, ó ní òun fẹ́ rí ẹ̀rọ tó ń purọ́ náà."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí òkú tí kò sí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Mba, mo fi ìwé Àlàájà hàn án, mo sọ ohun tí mo gé.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ni Mba wí. "Nílé tiwa náà, bí ènìyàn bá wọ ààfin láìkíni, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Lọ gbé màmá náà wá. Oòrùn kò ní pẹ́ wọ̀."

Mo fi mọ́tò sáré dé Tishigu. Mo kúnlẹ̀ níwájú Àlàájà, mo jẹ́wọ́.

"O gé ìkíni mi? Ta ló ní kí o gé e?"

"Ẹ má bínú, Àlàájà. Mo rò pé kò ṣe pàtàkì ni."

"Títí kan ewúrẹ́?"

"Títí kan ewúrẹ́."

Ó wò mí. Ó ní nígbà tí Bùráímọ̀ wà lọ́mọdé, òun pọ̀n ọ́n, òun sì jẹ́ kó já bọ́, àgbọ̀n rẹ̀ bẹ́. Bùráímọ̀ purọ́ fún ìyá wọn pé ewúrẹ́ ló kan òun, kí wọ́n má baà na ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ tí òun kí i tí òun kò béèrè ewúrẹ́. "Ó sì rò pé mo ti kú," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín, ló bá ń nu ojú rẹ̀. N kò rí ibi tí mo lè gbé ojú tèmi sí.

Ó gun ẹ̀yìn mọ́tò mi, ó di ìbàdí mi mú, ó ń ka Àyátù fún ààbò títí a fi dé Kalpohin. Mba ti bá àwọn tó wà lójú ọ̀nà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀ fún wa, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Mo ní kí Àlàájà máa wí, mo ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mọ́dẹ́mù ń ju ìdì, ó ń dúró, ó ń gba èsì. Àlàó, ọmọ ìyá mi. Ó dé. Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Ó dé. Òrùlé balùwẹ̀ dé, ilé Alùfáà dé. Ìdì tó gbé ewúrẹ́ ni kò dé. Ariwo ti bo afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀karùn-ún. Mba sún mọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀keje. Ẹ̀ẹ̀kẹjọ. Mo gbàdúrà lórí ewúrẹ́ tí kò sí rí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, èsì dé: mo ti gbà á.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rán ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn: mo gbà, ẹ ṣe é. A dúró. Mba bu fùrá fún Àlàájà, kò mu ún. Nígbà tí èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Tísà kò gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Bàbá náà ló ń wí, òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Mo kà á sókè fún Àlàájà ní ìdì kọ̀ọ̀kan.

"'Ewúrẹ́ wà, ẹ̀gbọ́n mi. Ó wà láàyè bí ẹ̀yin náà.'"

"Alhamdulillah!" Àlàájà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"'Ṣé ara yín le?'"

"A dúpẹ́."

"'Ojú yín tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ńkọ́?'"

"A dúpẹ́, ó ń ríran."

Bó ṣe ń lọ nìyẹn, ìdì lẹ́yìn ìdì. Wọ́n padà so yìgì náà lọ́jọ́ Jímọ̀, mo rí àwòrán rẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dé. Ṣùgbọ́n nínú èsì Bàbá Bùráímọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìlà kan ṣoṣo ló kan ìgbéyàwó. Gbogbo ìyókù ìkíni ni, ẹnì kankan nínú wa kò sì sọ pé ó pọ̀ jù. Àlàájà ń dáhùn gbogbo rẹ̀ síwájú rédíò. Nígbà tó parí, ó yíjú sí mi.

"Ràmọ́tù, ṣé ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń dá a lóhùn?"

"Rárá, Àlàájà. Ẹ̀rọ yìí kì í gbé ohùn."

"Kọ ọ́ sí i, kó lè mọ̀ pé mo dáhùn."

Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn igi dógóyárò. Mo fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, mo tẹ a dúpẹ́ àkọ́kọ́, mo tẹ ìkejì, mo tẹ ìkẹta. Mọ́kànlá ni gbogbo wọn. N kò gé ọ̀kan.