Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Lẹ́nu

Èmi ni tíṣà ìránṣọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣàgámù, kò jìnnà sí Ìjókù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkùnrin ni mí, ìṣirò ni mo sì kọ́. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ níránṣọ tẹ́lẹ̀ ló bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀gá àgbà wa, obìnrin kan tí kì í fẹ́ kí àyè kankan ṣófo, gbọ́ pé ìyá mi ti ṣe télọ̀ rí ní Ìsarà, wọ́n bá ní ó parí nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ télọ̀ wà lára mi. Mo ṣàlàyé títí. Ẹni tí mò ń ṣàlàyé fún ti ń kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ ìyá mi wá láti ilé, irú èyí tí à ń fọwọ́ yí. Ọmọ mẹ́tàlélógójì, ẹ̀rọ kan, ogún abẹ́rẹ́. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n dárúkọ ohun mẹ́ta tí à ń rán. Ọmọ kan kọ ọ́ pé: bùbá, ṣòkòtò, àbúrò mi. Mo fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Mo mọ àbúrò rẹ̀ náà ní kíláàsì kejì, ọmọ yẹn kì í ráyè jókòó, gbogbo ilé ló ń rán an níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹyọ ìgbálẹ̀ ló wá sọ wá di ìran wíwò. Ìṣó pọ̀ lára bẹ́ńṣì wa, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ a máa ya lójoojúmọ́, èyí náà la sì fi ń kọ́ṣẹ́. A ò lè ní kí ọmọ bọ́ṣọ nínú kíláàsì, torí náà ara wọn ni à ń rán an mọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì ń rán aṣọ mọ́ lára gbọ́dọ̀ fi nǹkan sẹ́nu, ẹyọ ìgbálẹ̀ kíláàsì ni tiwa, kó fi eyín há a títí wọn yóò fi já òwú. Láti ilé ni gbogbo wa ti mọ èyí, àti ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ onígbàgbọ́. Ìdí rẹ̀ nìkan ni a ò fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní òkú nìkan ni wọ́n ń rán aṣọ mọ́ lára. Ìyá mi ní iyè ni abẹ́rẹ́ máa ń rán pa, pé ẹni tí kò bá fi nǹkan sẹ́nu, bó pẹ́ bó yá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé.

Mi ò gbà á gbọ́. Mo kàn ń ṣe é ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, ọrùn bùbá ìyá mi tú nígbà tí à ń sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì rán an mọ́ wọn lára lẹ́bàá ọ̀nà. A wá nǹkan tí wọn yóò fi sẹ́nu, a ò rí, wọ́n ní kí n ṣáà ṣe kíá. Ní báyìí, ilé mi ni ìyá mi ń gbé, wọn ò sì mọ ẹni tí mo jẹ́. Dókítà ti sọ ohun tó fà á fún mi, ó sì yé mi dáadáa. Síbẹ̀, bí ọmọ kan bá yọ ìgbálẹ̀ kúrò lẹ́nu ní kíláàsì mi, ohùn tí mo fi ń bá a wí máa ń dẹ́rù ba èmi gan-an.

Bí ìgbálẹ̀ kíláàsì wa ṣe ń rù nìyẹn. Ọ̀gá àgbà rí i, inú wọn ò dùn. Wọ́n tún gbọ́ pé ilé-ìwé kan lápá ibòmíràn ní yàrá kọ̀ǹpútà, àwọn náà sì fẹ́ ní. Kọ̀ǹpútà kankan ò sí lọ́dọ̀ wa o, a ò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ gbé e wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ sí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn mi: YÀRÁ KỌ̀ǸPÚTÀ. Wọ́n ní alábẹ̀wò kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ lọ́jọ́bọ̀. Bí ìránṣọ wa ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí n gbé ẹ̀rọ mi padà sílé.

Ó dùn mí. Nílé, ẹ̀rù ẹ̀rọ náà máa ń ba ìyá mi, wọ́n á máa bi mí pé ta ló gbé e síbẹ̀. Ilé-ìwé nìkan ló kù tí wọ́n ti ń fọwọ́ yí i, mi ò sì fẹ́ kó lọ dákẹ́ sábẹ́ aṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá àgbà gba gbogbo sísọ́ọ̀sì àti bíléèdì wa, wọ́n tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì wọn, kí àlejò má baà bá nǹkan mímú lọ́wọ́ ọmọdé. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdajì kíláàsì ń rán, ìdajì há ìgbálẹ̀ sẹ́nu. Ọmọbìnrin kan, tí ìyá rẹ̀ ń ta obì, ń fi ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣe àpẹẹrẹ bí a ṣe ń rán bọ́tìnnì. Ẹyọ ìgbálẹ̀ wà lẹ́nu èmi náà.

Alábẹ̀wò wọlé, obìnrin rọ̀gbọ̀dọ̀ kan tó wọ gáùn aláwọ̀ ewé. Ọ̀gá àgbà wà lẹ́yìn wọn. “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni àlejò wí.

Ní kíláàsì wa, mọ́nítọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́nu mọ́nítọ̀. Ó dìde, ó rò ó díẹ̀, ó sì kí wọn láti imú: “Mm-mm, mm-mm.” Gbogbo kíláàsì, títí kan àwọn tí nǹkan kan ò sí lẹ́nu wọn, sì gbè é lẹ́yìn: “Mm-mm, mm-mm,” pẹ̀lú ohùn orin tí à ń fi kí àlejò gẹ́lẹ́.

Alábẹ̀wò wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀. Òwú bọ́tìnnì ò gùn tó, ọmọbìnrin náà bá mi lọ sílẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni, kí lẹ fún àwọn ọmọ yìí jẹ?”

Mo gbé ìka kan sókè láti ilẹ̀ níbẹ̀, pé kí wọ́n ní sùúrù. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà, mi ò tíì nàka sí alábẹ̀wò rí. Lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tí ojú ọ̀gá àgbà ń lọ káàkiri yàrá, wọ́n ti ń wo ibi tí kọ̀ǹpútà yóò jókòó sí.

“Èyí ti tó,” ni alábẹ̀wò wí. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì láti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, ìṣó ò gbà. Gáùn náà ya láti ìbàdí dé itan.

Ilé-ìwé méjì ṣì wà níwájú wọn lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin ọlọ́bì fi eyín já òwú bọ́tìnnì mi, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú wọn. “Ẹ jẹ́ kí n bá yín rán an, mà.”

Alábẹ̀wò wo abẹ́rẹ́. Wọ́n wo àwọn ọmọ. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ fún mi ní ẹyọ kan.”

Ó tó ogún ọwọ́ tó na ìgbálẹ̀ sí wọn. Mo ní kí wọ́n mú èyí tí ẹnu ò tíì kàn, mo sì kọjú sí pátákó. Ọ̀gá àgbà kúnlẹ̀, wọ́n bá wọn di etí aṣọ méjèèjì pọ̀. Nígbà tó yá, àwọn náà bèèrè ẹyọ tiwọn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ lè dé.

Alábẹ̀wò ò fẹ́ fi àkókò ṣòfò. Wọ́n kọ ìbéèrè sí bébà, wọ́n fi lé ọmọ kan lọ́wọ́ kó mú un fún mi: “Ta ló kọ́ yín níránṣọ?” Èmi tí nǹkan ò sí lẹ́nu mi mọ́, mo kọ èsì sábẹ́ rẹ̀: “Ìyá mi ni, mà.” Bébà tún padà: “Kí ló dé tí àwọn ọmọ ò kí mi?” Mo kọ ọ́ pé, “Wọ́n kí yín, mà.”

Ọmọbìnrin ọlọ́bì rán an bí mo ṣe kọ́ ọ: òwú ní ìṣẹ́po méjì, kí abẹ́rẹ́ lọ kó tún padà sẹ́yìn, kókó mẹ́ta níparí. Ó ní ó ti tán. Alábẹ̀wò gbé ẹsẹ̀ kan, ọ̀gá àgbà bá wọn lọ. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kejì, ọ̀gá àgbà tún bá wọn lọ. Ọmọ náà ti rán ọwọ́ bùbá ọ̀gá àgbà, ọwọ́ bùbá tó fẹ̀ yẹn, mọ́ gáùn alábẹ̀wò.

Òwú ìṣẹ́po méjì yẹn kọjá agbára eyín, mo bá ní kí wọ́n mú sísọ́ọ̀sì wá. Gbogbo kíláàsì wo ọ̀gá àgbà.

Ọ̀nà ọ́fíìsì jìn, pápá ìṣeré la sì máa là kọjá. Àwọn méjèèjì lọ pọ̀, ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, nítorí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìránṣọ náà ti parí. Àwọn ọmọ kíláàsì yòókù jáde, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí wọn dáadáa. Àwọn méjèèjì dá wọn lóhùn láti imú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé. Wọ́n kọ ọ́ pé ìránṣọ àwọn ọmọ náà le gan-an, kí wọ́n máa bá a lọ, àmọ́ kí wọ́n tún ìkíni wọn ṣe. Ọ̀gá àgbà fọwọ́ ara wọn yọ bébà kúrò lára ilẹ̀kùn mi, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà dé, mo jókòó ti ìyá mi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n máa ń gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀ bí àlejò tó wá kí wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, ojú wọn le.

“Àwọn obìnrin méjèèjì, ṣé wọ́n fi nǹkan sẹ́nu?”

“Wọ́n fi sẹ́nu, mà.”

“Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?”

“Yèyé mi ni, mà.”

Wọ́n rọra gbá mi lórúnkún. “Yèyé ẹ kọ́ ẹ dáadáa. Bó o bá délé, bá mi kí wọn.”

Mo ní wọ́n á gbọ́, mà.