Ojú Ìwé Mẹ́jọ Tí Mo Yọ Kí Owó Ìwé Mi Lè Wálẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ìwé tí ẹ ní ó wọ́n jù yìí. Ẹ ti bú mi tó! Ẹ ní ṣé wúrà ni mo fi tẹ̀ ẹ́ ni?

Ìtàn agboolé wa ní Ìrẹmọ ni mo kọ. Àwọn tó ń tẹ ìwé jáde ní ta ló máa rà á yàtọ̀ sí ará àdúgbò. Òótọ́ ni. Mo bá fi owó ara mi tẹ ẹ̀dà ọgọ́ta. Ẹni tó tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìnáwó rẹ̀ á pín káàkiri. Tèmi, ọgọ́ta péré ló gbé gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí atẹ̀wé sọ iye tó máa gbà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in. Ó ní tí mo bá yọ ojú ìwé mẹ́jọ, owó á wálẹ̀. Kí ni mo yọ? Orúkọ àwọn ìyàwó ilé. Mo ní ṣebí wọ́n fẹ́ wọn wá ni, wọn ò kúkú bí wọn síbẹ̀. Ẹ ò rí ọgbọ́n orí mi!

Ìyá Àgbà, ìyàwó tó dàgbà jù nílé wa, ló ka orúkọ wọn fún mi, bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀ léra. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kà á. Ó tẹnu mọ́ Àdùkẹ́, ìyálé rẹ̀, tó fomi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ. Àdùkẹ́ ò bímọ. Ìyá Àgbà ní tí òun bá lọ, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀ mọ́.

Ìwé jáde, mo gbé e lọ fún Ìyá Àgbà. Ó ní kí n ka ibi tí Àdùkẹ́ wà. Ojú tì mí. Mo ṣàlàyé pé ìwé ì bá wọ́n jù.

Ó bi mí pé: "Èló ni Àdùkẹ́ ì bá fi kún un?"

Ó dá ìwé náà padà fún mi jẹ́ẹ́jẹ́. Kí n tó rí owó tún un tẹ̀, Ìyá Àgbà ti kú. Ó ń dùn mí títí dòní.

Gbogbo orúkọ náà ti wà nínú ti tuntun yìí, ìdí tó fi wọ́n nìyẹn. Tí ẹ bá ní kí òǹkọ̀wé gé e kúrú, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló máa yọ.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti wá èèyàn yín nínú ìwé rí, tí ẹ ò rí i? Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sísàlẹ̀. Níbí, ọ̀fẹ́ ni.