Iye Tí A Dá Lé Géèmù Méjìlá

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi la jọ jogún ṣọ́ọ̀bù bàbá wa ní Jọ́ọ̀sì. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti áyọ́ọ̀nù la ń tà níbẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá wa, ṣùgbọ́n àdúgbò Nasarawa Gwong ní Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, Hausa sì yá mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń lọ ra ọjà l'Ékòó, èmi ni mò ń tà á. Mo mọ ọjà á tà, mi ò ní tijú sọ ọ́. Ẹni tó bá wá ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi lè gbé rédíò lọ sílé, inú rẹ̀ á sì dùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, ẹ̀gbọ́n mi kó páálí méjìlá dé. Géèmù tẹlifíṣọ̀n ló wà nínú wọn: àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú ọ̀pá kékeré méjì tí èèyàn ń dì mú láti fi ta á. Kò tíì sí ẹni tó ń tà á ládùúgbò wa.

"Igba náírà la ó máa tà á," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Iye yẹn ju owó oṣù akọ̀wé kékeré lọ, ṣùgbọ́n mi ò bá a jiyàn. Mo so ọ̀kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó di ọ̀sán, èrò ti dí ojú títì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ báyìí, gbogbo wọn á pariwo "Kai!" Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wò ó. Ẹyọ kan kò tà.

Ọkàn ẹ̀gbọ́n mi kò balẹ̀ mọ́. "Ó wọ́n jù. Jẹ́ ká sọ ọ́ di àádọ́jọ."

"Ẹ má tíì dín in, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dá wọn dúró."

Mo ti ń tẹ́tí sí wọn. Mo mọ àwọn tó lówó níbẹ̀, torí èmi ni mo ta tẹlifíṣọ̀n fún púpọ̀ nínú wọn. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè iye tó jẹ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Ṣé kò ní ba tẹlifíṣọ̀n mi jẹ́?" Ẹnì kan ní ó máa ń jó ojú tẹlifíṣọ̀n. Òmíràn ní ti àbúrò òun ní Kaduna ti bú gbàmù. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ sì wọ́n ju géèmù lọ fíìfíì. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, kì í ṣe owó.

Ni mo bá lọ bá Alhaji kan tó ń ta pákó ní ọjà Katako. Mo ní màá so géèmù mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ nílé, kó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀. Bó bá ba tẹlifíṣọ̀n náà jẹ́, màá fún un ní tuntun. Ó gbà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó fọwọ́ lérí. "Ṣé orí ẹ pé? Tẹlifíṣọ̀n tuntun!"

"Ó ti wà lára tiwa fún ọjọ́ mẹ́rin láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣé ó bà á jẹ́?"



Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí mo padà dé ilé Alhaji, orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo bá a, ó ń ta géèmù, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lára fìlà rẹ̀. Ìyá rẹ̀, arúgbó tí kò léyín mọ́, ló di ọ̀pá kejì mú.

"Na ci shi!" ni ìyá ké sí mi, pé òun ti na ọmọ òun.

Alhaji kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Hajiya, nawa ne?" Èmi ló ń pè ní Hajiya; ó ní èló ni.

"Igba náírà."

"Gba àádọ́jọ."

"Albarka," ni mo dá a lóhùn, bí àwa ọlọ́jà Jọ́ọ̀sì ṣe ń sọ pé owó yẹn kò gbà á. Ìyá ní kó yáa sanwó, kó jẹ́ káwọn ráyè ta géèmù àwọn. Ó san án.

Àwọn àlejò Alhaji fojú ara wọn rí i pé nǹkan kan kò ṣe tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, èèyàn márùn-ún ti ra tiwọn: oníṣòwò pákó mẹ́ta, dókítà kan àti olùkọ́ yunifásítì kan. Ó ku mẹ́fà.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi wá là. "Ó ti di ọ̀ọ́dúnrún. Kérésì ń bọ̀. Tá a bá tọ́jú wọn díẹ̀, wọ́n á san irinwó."

"Àwọn tó lè san igba gan-an kò pọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tó ń retí kó wálẹ̀ ló kù. Àwọn oníṣòwò Kano náà ò sì sùn, wọ́n á kó tiwọn dé láìpẹ́."

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti gbọ́n jù!"

A bínú síra wa débi tí a pín in: mẹ́ta fún un, mẹ́ta fún mi. Igba náírà ni mo ta tèmi, kò sì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi tán.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà kan wà, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Jenta Adamu. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń yà. "Ọmọ mi, ṣé ó ti rọ̀?" Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rà á fún.

"Kò tíì rọ̀, Bàbá. Ẹ mú sùúrù di ọdún tuntun."

Ẹ̀gbọ́n mi ní mò ń lé oníbàárà. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi lójú ni mo sọ fún bàbá náà.

Kérésì ku bí ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ọjà Kano wọ̀lú. Géèmù wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ní títì wa nìkan. Ó di ogóje, ó tún di ọgọ́fà. Mẹ́ta ti ẹ̀gbọ́n mi wà lórí pẹpẹ, ó lẹ ọ̀ọ́dúnrún mọ́ wọn lára, kò sì gbà láti dín in kù. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ó ti àwọn páálí náà sí iwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Gbà. Tà á bó o ṣe fẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Ọgọ́fà ni mo pè é. Bàbá rélùwéè ló kọ́kọ́ ra tirẹ̀. Èmi fúnra mi ló bá a so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n dúdú-òun-funfun rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó wá wò ó ló ra méjì yòókù. A ò jèrè lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ò sì pàdánù.

Nígbà tó yá, tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè láti Èkó. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ fídíò tuntun dé, òun wà níwájú ẹni tó ń tà á, òun kò sì tíì sanwó.

"Èló ni wọ́n lè rà á ní Jọ́ọ̀sì?" ló bi mí. Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sọ iye fún un. Mo ní kó ra mẹ́rin.

"Mẹ́rin péré?"

"Mẹ́rin, Ẹ̀gbọ́n mi. Kẹ́ ẹ sì bá mi ra kásẹ́ẹ̀tì géèmù oríṣiríṣi tí wọ́n ń kì bọnú àpótí dúdú yẹn bọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wa ti sú wọn."

Ó ní ó dáa. Mẹ́rin náà ló rà bọ̀.