Ọmọ Ilé Kì í Gba Fírídọ́ọ̀mù

Àbúrò bàbá mi ló sọ pírógíráàmù náà ní Àjíǹde. Èmi tí mo kọ ọ́ kò fún un lórúkọ kankan. Iṣẹ́ ni mo ń ṣe, n kò pe ẹnikẹ́ni wá sí ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i pé kọ̀ǹpútà tó ti dákú tún dìde, tí èsì ìdánwò gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Inísà sì tún jáde sójú rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ké "Halelúyà!" débi pé àwọn tó ń ta páànù ní òdìkejì títì yọjú wò wá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ Àjíǹde, láti ọjọ́ náà ni n kò sì ti lè kúrò nílé mọ́.

Ìkìrun ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn òbí mi ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré, àbúrò bàbá mi àti ìyàwó wọn ló gbà mí tọ́. Wọn kò bímọ tiwọn. Dádì àti Mọ́mì ni mo ń pè wọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń bá mi du orúkọ náà. Dádì ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sẹ́bàá títì tó lọ sí Òṣogbo. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ láti Ìkìrun, Inísà àti Òkúkù sì ń kó máàkì àwọn ọmọ wọn wá kí kọ̀ǹpútà bá wọn rò ó pọ̀, kó sì to ipò wọn. Dádì ló ni kọ̀ǹpútà o, ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọn kì í fọwọ́ kàn án láìgbàdúrà, bí wọ́n bá sì gbàdúrà tán, èmi ni wọ́n ń pè.

Iná ni ọ̀tá wa. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan pamọ́ lọ́wọ́, fáìlì tó ń kọ yóò dàrú. Bí iná bá padà dé, yóò sọ gbólóhùn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó ń báni wí, yóò sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo wá kọ pírógíráàmù kékeré kan sórí dísíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka máàkì inú fáìlì tó dàrú náà, ọmọ kan lẹ́yìn òmíràn, kó ṣa èyí tó ṣì dára bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, kó da ìdọ̀tí nù, kó sì kó ìyókù sínú fáìlì tuntun. Ọ̀nà kan ò wọjà. Mo kọ òmíràn tó kéré sí i sórí dísíkẹ́ẹ̀tì pupa, nítorí ọjọ́ tí búlúù bá kọ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀ ni pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kọ tán tí à ń jù sí kọ̀rọ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkúkù bá fi iṣẹ́ àgbẹ̀ kún ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, mo gbọ́dọ̀ tún pírógíráàmù ńlá tó ń ro máàkì pọ̀ ṣe. Bí mo bá sì ti tún un ṣe, mo gbọ́dọ̀ tún búlúù ṣe, kí n tún pupa ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ wàhálà, wọn yóò máa wo ẹ̀wà gidi, wọn yóò máa pè é ní òkúta. Mo sì tún ní láti máa mọ̀ọ́mọ̀ ba fáìlì kan jẹ́ látìgbàdégbà, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì lè jí i. Dádì ká mi mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tó o fi ń pa ohun tó wà láàyè?" Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbà.

Ó wá di pé n kò lè ṣàìsàn ní ìrọ̀rùn. Bí mo bá lọ kí àwọn ẹbí ìyá mi ní Igbaye, ọlọ́kadà kan yóò wá mi dé ibẹ̀ pé iná ti ba fáìlì jẹ́. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn yóò wá tọ́ mi léjìká láàárín ìwàásù. Àwọn èèyàn a máa kí mi pé mo kú oríire, pé iṣẹ́ mi ṣe pàtàkì. Inú mi kì í dùn sí i rárá.

Olùkọ́ kan tó kọ́ mi ní Pólì ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn pé ààyè wà fún mi níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn èèyàn bíi tèmi pọ̀ sí, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa kọ pírógíráàmù láti àárọ̀ dalẹ́. Ní Ìkìrun, kò sí ẹnì kan tí mo lè bi ní ìbéèrè bí nǹkan bá rú mi lójú. Mo fẹ́ lọ. N ò ní purọ́, mo fẹ́ lọ débi pé mo ń lá a. Wọ́n ní àwọn yóò dè mí títí ọdún tuntun.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà lọ? Lọ́dọ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ kì í ṣàdédé fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Ìbáà jẹ́ télọ̀, ìbáà jẹ́ mẹkáníìkì, ó gbọ́dọ̀ gba fírídọ́ọ̀mù: yóò kúnlẹ̀ níwájú ẹbí àti ọ̀rẹ́, ọ̀gá yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, yóò gbàdúrà pé kí iṣẹ́ náà yẹ ẹ́, yóò sì ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Ẹni tó bá lọ láìgba àdúrà yẹn, bí nǹkan kò bá ṣẹnuure fún un lọ́la, gbogbo ìlú ló mọ ohun tó fà á. Dádì mú àṣà náà wọ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Lọ́dọọdún ni àwọn tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ń kúnlẹ̀, tí wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì, tí wọ́n ń bá tiwọn lọ. Èmi ni mo ń pín ìrẹsì.

Mo kọ́kọ́ ní kí n lọ wo Ìbàdàn ná. Mo sọ fún Dádì pé mo fẹ́ lọ kí olùkọ́ mi, mo fi dísíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lé wọn lọ́wọ́, mo sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lò wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo lọ, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, Dádì ki búlúù bọ̀ ọ́, ó kọ̀. Wọ́n ki pupa bọ̀ ọ́, òun náà kọ̀. Nígbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tíṣà láti Inísà jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa bí ẹni tó wá báni ṣọ̀fọ̀. Mo yọ dísíkẹ́ẹ̀tì, ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé e sún mọ́ imú. Òróró ólífì ni.

"Dádì, kí lẹ fi sí i?"

"Mo yà á sí mímọ́ ni. Ohun tó ń jí òkú, ṣé ó yẹ kí ọ̀tá rí i gbá mú?"

Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn irin kékeré tó wà lára rẹ̀, wọ́n sì kán òróró náà sójú ibi tó ń yí gan-an. Mo ní, "Dádì, dísíkẹ́ẹ̀tì kì í mu òróró!"

"Nígbà tó o wà nílé, ó ń ṣiṣẹ́," ni wọ́n wí. "O lọ, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìwọ náà wò ó."

Mo ní ẹ̀dà wọn nínú àpótí aṣọ mi. Mo fi sípíríìtì nu inú ẹ̀rọ, mo jí fáìlì, àwọn tíṣà dúpẹ́, wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pinnu pé n ó ṣe Àjíǹde lọ́nà tí kò ní nílò mi mọ́. Mo yọ gbogbo Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, mo fi Yorùbá kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò mọ àmì ohùn. Yóò ní, "Má bẹ̀rù, iná ló fà á. Tẹ J, kí o sì ní sùúrù." Bó bá kọ̀, yóò ní, "Yọ búlúù. Fi pupa sí i." Mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ni yóò gba fírídọ́ọ̀mù tí yóò lọ. Mo ní kí Mọ́mì, tí wọ́n máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ta búrẹ́dì fún àwọn ọmọ, wá kọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kí n má lọ ba nǹkan olówó iyebíye jẹ́."

Ọdún ń lọ sópin. Lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé àwo ìrẹsì kalẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ iṣẹ́. Dádì ń bọ̀ láti apá ọ̀tún, wọ́n ń gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ náà lórí níkọ̀ọ̀kan. Mo dijú. Mo gbọ́ àdúrà ẹni tó kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún mi, mo gbọ́ "Àmín." Èyí tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e ni àdúrà ẹni tó wà lápá òsì mi. Wọ́n ti fò mí. Mo dìde, mo lọ pín ìrẹsì tó kù.

Nígbà tá a délé, Dádì kò bínú rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Wọ́n pè mí jókòó. "Ọmọ ilé kì í gba fírídọ́ọ̀mù," ni wọ́n wí. "Àwọn tó wá láti ìta ni mo ń dá sílẹ̀. Ìwọ, ibo ni kí n dá ẹ sílẹ̀ lọ? Ilé rẹ nìyí. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́, ìwọ lo ni gbogbo ẹ̀." Omi wà lójú wọn. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n lù mí, ǹ bá ti sá. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo wọ yàrá mi lọ, mo sì bú ara mi dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkúkù ní kí n wá wo kọ̀ǹpútà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, ọkọ̀ wa bàjẹ́ lọ́nà. Bí a ti jókòó tì í, ẹ̀rọ ìlọta tó ń han ní òdìkejì dákẹ́ lójijì, mo sì mọ̀ pé iná ti lọ títí dé Ìkìrun. Ọjọ́ náà la fẹ́ parí èsì Inísà. Mo ń wo dẹ́rẹ́bà bó ṣe ń fọwọ́ nu ẹ́ńjìnnì, mo sì mọ̀ pé báyìí ni n ó ṣe máa sáré títí n ó fi darúgbó.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkìrun, iná ti dé. Láti títì ni mo ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa. Mo sáré wọlé. Mọ́mì ló jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, gíláàsì wọn wà ní ṣóńṣó imú, dísíkẹ́ẹ̀tì pupa sì wà nínú ẹ̀rọ. Dádì dúró sẹ́yìn wọn, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Inú mi ò kọ́kọ́ dùn o. Owú ni mo jẹ, bíi pé ẹnì kan wọ yàrá mi láìkanlẹ̀kùn.

"Búlúù kọ̀," ni Mọ́mì wí láìwojú mi, "ni mo bá fi pupa sí i."

Dádì bi wọ́n pé, "Ìgbà wo lo kọ́ èyí?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Látìgbà tí ọmọ ti fi Yorùbá kọ ọ́ ni. Mo ti jí i rí, lọ́jọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì lọ sí ìsọjí. Mo kàn ń ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ni. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí mo bá sọ, ọmọ á lọ."

Ìwé ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní tirẹ̀. Dádì fa àga kan, wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí mi.

"Ìgbà wo lo fẹ́ lọ?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò sínú láti ọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n kọ̀ fún ni.

"Ọ̀la ni," ni Mọ́mì dáhùn fún mi. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti fò ó ni mo ti di ẹrù rẹ̀."